Iṣẹ́ Olùdámọ̀ràn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Arìnrìn-àjò tí ó dé oríta mẹ́ta, tí kò mọ èyí tí yóò gbà, tí ó sì tijú láti béèrè, lè rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí ó tó mọ̀ pé ọ̀nà ibi tí òun ń lọ kọ́ ni òun gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama náà ní oríta tirẹ̀. Ó ń dé oríta nígbà tí ó bá fẹ́ yan àwọn ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́. Ó ń dé oríta nígbà tí ẹ̀kọ́ bá le tí kò sì mọ ohun tí ó fà á. Ó sì tún ń dé oríta nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí ó jáde ìwé mẹ́wàá. Nítorí irú àkókò báwọ̀nyí ni olùdámọ̀ràn ṣe wà ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yíyan iṣẹ́ kò ṣòro tó báyìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tí a bí sí ìdílé onílù, Àyàn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ti ìdílé ọlọ́nà a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀nà. Ti ìdílé ọdẹ a sì máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọdẹ. Kí ọmọ náà tó mọ ìrìn ni orúkọ rẹ̀ ti ń tọ́ka sí iṣẹ́ ìdílé rẹ̀. Ojúde ilé ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ni olùkọ́ rẹ̀. Bí ó bá wu òbí kí ọmọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, wọn a mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Yóò sin ọ̀gá náà fún ọdún díẹ̀ kí ó tó gba òmìnira. Iṣẹ́ tí ó wà nígbà náà kò pọ̀ púpọ̀, ojú gbogbo ènìyàn ni a sì ti ń ṣe wọ́n.

Nígbà tí ilé-ìwé pọ̀ sí i, nǹkan yí padà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ aláró àti ọmọ alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí jókòó pọ̀ lórí ìjókòó kan náà, tí wọ́n ń kọ́ ìwé kan náà. Inú àwọn òbí dùn. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ń sin àwọn ọmọ lọ sí ibi tí bàbá wọn kò dé rí. Bàbá tí ó fi oko kòkó tọ́ ọmọ lè kọ́ ọ bí a ti ń sá kòkó. Kò lè sọ fún un bí a ti ń di awọnlẹ̀, tàbí apòògùn, tàbí ẹni tí ń yẹ ìwé owó wò. Iṣẹ́ oníwèé tí òun alára mọ̀ kò ju dókítà, lọ́yà, tíṣà àti akọ̀wé lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń rìn nínú òkùnkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ ìwé.

Irú ìṣòro yìí ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣáájú. Ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Frank Parsons rí i pé iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ bá kọ́kọ́ bá pàdé ni wọ́n ń dì mú, ì báà bá wọn mu, ì báà má bá wọn mu. Ní ọdún 1908, ó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ níbi tí ọ̀dọ́ ti lè wá gba ìmọ̀ràn nípa iṣẹ́. Ó kú ní ọdún náà gan-an, ìwé tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí sì jáde ní 1909. Ohun mẹ́ta ni ó ní kí ẹni tí ó fẹ́ yan iṣẹ́ ṣe. Èkínní, kí ó mọ ara rẹ̀: ohun tí ó lè ṣe, ohun tí ó wù ú, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èkejì, kí ó mọ iṣẹ́ náà: ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè, èrè rẹ̀ àti ìnira rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó fi èkínní wé èkejì, kí ó sì fi òye ronú kí ó tó yàn. Títí di òní, orí ìpìlẹ̀ yìí ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ olùdámọ̀ràn dúró lé.

Ní Nàìjíríà, ìlú Ìbàdàn ni a sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1959, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n wà ní St. Theresa's College ní Òkè-Àdó ronú lórí àwọn ọmọbìnrin 60 tí wọ́n wà ní kíláàsì àṣejáde. Wọ́n pe àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ nǹkan bí ogún oríṣi iṣẹ́, pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Onísẹ́ sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, akẹ́kọ̀ọ́ sì béèrè ohun tí kò yé e. Nígbà tí àwọn ọmọ náà jáde, 54 nínú wọn ni ó rí iṣẹ́ gidi ṣe. Láti ibẹ̀ ni ìròyìn ti tàn dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní 1976, àwọn olùdámọ̀ràn Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè pé a ó máa yan olùdámọ̀ràn sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ̀ nípa iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn.

Láti ìgbà tí a ti pín ilé-ẹ̀kọ́ girama sí ọdún mẹ́ta ìṣáájú àti ọdún mẹ́ta ìkẹyìn ni iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ti túbọ̀ ṣe pàtàkì. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kúrò ní ìpele kìn-ín-ní bọ́ sí èkejì, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, yóò yan bóyá sáyẹ́ǹsì, tàbí àátì, tàbí ẹ̀kọ́ nípa òwò ni òun yóò ṣe. Ọmọ tí ó ń yan èyí lè má ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọbìnrin kan tí ó wù láti di nọ́ọ̀sì. Apá òwò ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yàn, kò sì fẹ́ kí wọ́n yà á sílẹ̀, ni ó bá tẹ̀ lé wọn. Ọdún méjì kọjá. Ó wá gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti fìsíìsì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ta ni yóò dá ọdún méjì náà padà fún un? Ó lè tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún àti owó ni yóò fi dí i. Bí ó bá ti yọjú sí olùdámọ̀ràn kí ó tó yàn, ọ̀rọ̀ wákàtí kan ni ì bá jẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yunifásítì rí. Láti ọdún 1978 ni a ti dá àjọ JAMB sílẹ̀ láti máa ṣètò ìdánwò ìwọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní láti ṣe Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti fìsíìsì nínú ìdánwò náà. Ohun tí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà yóò ṣe yàtọ̀. Ìwé púpọ̀ ní ń bẹ nílẹ̀ tí ó sọ nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá a. Olùdámọ̀ràn ni ó ń fi í hàn án ní àkókò. Òun náà ni ó sì ń rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe wà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wà, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ sì wà. Ìka kò dọ́gba. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dán nínú iná mànàmáná tàbí iṣẹ́ igi kì í ṣe ọ̀lẹ nítorí pé kò fẹ́ di lọ́yà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ iwájú nìkan ni olùdámọ̀ràn ń gbọ́. Nígbà mìíràn, ohun tí ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ kò sí nínú ìwé rárá. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kejì, tí ó máa ń sùn nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ni. Gbogbo ènìyàn ní ọ̀lẹ ni. Olùdámọ̀ràn pè é.

"Jókòó, ọmọ mi. Mo rí i nínú ìwé èsì rẹ pé ní ọdún tí ó kọjá, o wà lára àwọn tí ó mọ ìṣirò jù. Kí ni ó dé?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"N kò pè ọ́ láti nà ọ́. Aago mélòó ni o máa ń sùn lálẹ́?"

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. "Aago méjìlá, mà. Èmi àti màmá mi a máa ta búrẹ́dì ní gáréèjì títí ọkọ̀ ìkẹyìn yóò fi lọ."

Olùdámọ̀ràn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Àyà ìyá náà ń já bí ó ti ń wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ṣé kò sí o? Àbí ọmọ mi ṣẹ̀ ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí a jọ rò ó ni, nítorí oorun ni ó ń sùn ní kíláàsì."

"Tíṣà, bí kò bá ràn mí lọ́wọ́, kí ni a ó jẹ? Owó ìwé rẹ̀ gan-an, inú búrẹ́dì yìí ni ó ti ń jáde."

"Òótọ́ ni ẹ sọ, Màmá. N kò ní kí ó má ràn yín lọ́wọ́. Àkókò tí ó ń ràn yín lọ́wọ́ ni mo fẹ́ kí a jọ wò."

Wọ́n jọ wò ó. Wọ́n fẹnu kò pé kí ọmọ náà máa ta ọjà láti ìgbà tí ó bá dé láti ilé-ìwé títí di aago méje, kí ó sì máa ta á ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ìyá yóò pe ìbátan rẹ̀ kan láti máa ràn án lọ́wọ́ lálẹ́, wọn yóò sì jọ pín èrè. Kò rọrùn fún ìyá náà, nítorí pé owó tí ń wọlé fún un dín kù. Ṣùgbọ́n ó gbà. Ọmọ náà kò di ẹni àkọ́kọ́ ní kíláàsì lójijì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ là nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ni, ìṣirò tí ó sì ti sá fún un bẹ̀rẹ̀ sí padà wá bá a. Ẹ kíyè sí i pé olùdámọ̀ràn náà kò bá ọmọ jà, kò sì dá ìyá lẹ́bi. Ó kọ́kọ́ béèrè, ó sì gbọ́, kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ lọ sí yàrá olùdámọ̀ràn nítorí ìtìjú, tàbí nítorí ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ wọn yóò di ohun tí a ń sọ káàkiri. Ìlànà iṣẹ́ náà ni pé kí olùdámọ̀ràn pa àṣírí ẹni tí ó bá fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ mọ́. Ibi tí èyí mọ ni ibi tí ẹ̀mí bá ti wà nínú ewu, tàbí tí ẹnìkan bá ń ṣe ọmọ náà níkà. Nígbà náà, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó lè gba ọmọ náà là. Ẹlòmíràn sì rò pé àwọn ọmọ aláìgbọràn nìkan ni a ń rán lọ síbẹ̀. Èyí kì í ṣe òótọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ yá náà a máa béèrè ọ̀nà.

Ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú pé olùdámọ̀ràn kì í yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí bàbá bá fẹ́ kí ọmọ di dókítà, tí ọmọ sì fẹ́ di ayàwòrán ilé, olùdámọ̀ràn kò ní gba ìjà ọ̀kan jà. Yóò gbé ìwé èsì ọmọ náà kalẹ̀, yóò sọ ohun tí iṣẹ́ méjèèjì ń béèrè, yóò sì jẹ́ kí bàbá àti ọmọ gbọ́ ara wọn yé. Àtùpà ni ó gbé lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò rin ọ̀nà náà. Ẹni tí a tan iná fún tí ó kọ̀ tí kò rìn, kò lè dé ibi kankan.

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò ní olùdámọ̀ràn tí ó tó, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wà ní irú ibẹ̀ kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Kí ó lọ bá olùkọ́ tí ó fọkàn tán. Kí ó wá ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ tí ó wù ú, kí ó sì bi í ní ohun mẹ́ta: ẹ̀kọ́ wo ni ẹ ṣe kí ẹ tó dé ibẹ̀? Kí ni ìnira iṣẹ́ yìí? Kí ni ẹ ì bá ti mọ̀ nígbà tí ẹ wà ní ọjọ́ orí mi? Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ó béèrè nígbà tí oríta ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìbéèrè

1. Báwo ni a ti ń mọ iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe ní ayé àtijọ́? Kí ni ó yí èyí padà?
2. Ohun mẹ́ta wo ni Frank Parsons ní kí ẹni tí ó fẹ́ yan iṣẹ́ ṣe?
3. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Àdó ní ọdún 1959?
4. Kí ni ìyá ọmọkùnrin náà pàdánù, kí ni ó sì rí gbà nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe?
5. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ tí ó wù ọ́ láti ṣe. Sọ àwọn ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ náà ń béèrè, àti ẹni tí ìwọ yóò lọ bá fún ìmọ̀ràn.