Àgbà Tó Bá Aboyún Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kan gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó kan ìyakọ, ọkọ àti ẹ̀gbọ́n tó ń bá aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tí ọmọ ń mú kò ráyè wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí i lára. Ẹni tó bá a wá ló ní ojú, òun náà ló sì yẹ kó ní ẹnu. Èyí tó pọ̀ nínú wa, báàgì ọmọ la gbé dání, a jókòó síta, à ń gbàdúrà. Àdúrà dára. Àmọ́ ní ọdún 2020, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo obìnrin tí oyún àti ìbímọ pa lágbàáyé tó jẹ́ ti Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú ikú bẹ́ẹ̀ ló sì ṣeé dènà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta ni kí ẹ ti wádìí ibi tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ wo ara ògiri bóyá ìwé ẹ̀rí ìjọba wà níbẹ̀. Ní Èkó, àjọ HEFAMAA ló ń bójú tó o. Ẹ béèrè bóyá agbẹ̀bí wọn ní ìwé àṣẹ, nítorí aṣọ funfun kì í sọ ènìyàn di nọ́ọ̀sì. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa jẹ́ kí ẹnì kan dúró ti aboyún nígbà ìrọbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láti 2018, pé kí ó jẹ́ ẹni tó wu obìnrin náà fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo gbà pé ó ju gbogbo ìyókù lọ: “Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ìyàwó wa lóru, kí lẹ máa ṣe?” Ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́ á dáhùn ní tààrà: oògùn tí wọ́n ní, ibi tí wọ́n ti ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà, ọsibítù ńlá tí wọ́n máa gbé e lọ, ọkọ̀ tó máa gbé e. Èyí tó bá kàn ní “Ọlọ́run ò ní jẹ́”, tí kò sọ nǹkan mìíràn, ẹ mú aboyún yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń tẹnu mọ́ nítorí pé òun ló ń pa abiyamọ jù. Ojú lásán kò sì tó láti fi díwọ̀n rẹ̀. Á rin aṣọ, á dà sílẹ̀, wọ́n á ní kò pọ̀. Ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n ṣe láàárín obìnrin tó lé ní 200,000 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, South Africa àti Tansaníà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, fi èyí hàn gbangba. Níbi tí wọ́n ti ń fojú díwọ̀n, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dà jù ni wọ́n tètè mọ̀. Níbi tí wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá onílà sábẹ́ ìdí ìyá, 93 nínú 100 ni. Ọ̀rá náà ní àpò nísàlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, ìlà ara rẹ̀ sì ń sọ iye rẹ̀. Bó bá ti kan 500 mílílítà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: wọ́n á máa wọ́ ikùn kí ilé ọmọ lè le, wọ́n á fún un ní oògùn oxytocin àti tranexamic acid, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ ojú ara wò bóyá ó ya, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú rẹ̀ lápapọ̀ dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ọ̀rá ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá!

Oxytocin yẹn kò fẹ́ ooru. Inú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kó máa wà. Èyí tó ti wà lórí tábìlì láti ìgbà tí iná ti lọ, agbára rẹ̀ lè ti tán. Nítorí náà, ẹ béèrè firíìjì oògùn wọn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí kò bá síná.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn nọ́ọ̀sì wa, ẹ má sì fi ìjà wọlé. “Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, abẹ́rẹ́ kí nìyí? Ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń já a.” Nọ́ọ̀sì tó fọwọ́, tó sì já abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, kò ní bínú sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ti àǹtí-nátà kò le. Ní gbogbo ìgbà tí aboyún bá lọ, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì. Ẹ gba káàdì náà, ẹ kà á. Bí ìfúnpá bá ti di 140/90, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Gìrì aboyún lè máa bọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ aráyé, oògùn magnesium sulphate sì wà tó ń dènà rẹ̀.

Bí ọ̀ràn bá di pàjáwìrì tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 wà lẹ́yìn yín. Abala 20 rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ rán wọn létí, kí ẹnì kan sì ti máa wá ọkọ̀.

Àgbà náà ní ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ jáde díẹ̀, ẹ jáde. Obìnrin lè ní ohun tí kò lè sọ lójú ìyakọ: ọkọ ń nà án, tàbí kò fẹ́ bímọ mọ́. Abala 26 òfin kan náà ló pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Kí wọ́n ṣàlàyé abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń fi sápá àti èyí tí wọ́n ń fi sílé ọmọ, àti bí nǹkan oṣù ṣe lè yí padà, kí wọ́n sì sọ pé ó lè wá yọ ti apá tàbí ti ilé ọmọ nígbà tó bá wù ú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó fọwọ́ síwèé rẹ̀ nígbà tí ọmọ ń mú un.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, bí aboyún bá wà nílé yín, ẹ tẹ̀ lé e lọ sí àǹtí-nátà tó ń bọ̀ yìí. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè firíìjì, kí ẹ sì ti gba nọ́ńbà awakọ̀ kan tó lè jí lóru kí oṣù aboyún tó pé.