Ta Ni Yóò Kó Wọn Padà Wálé?

Bíbélì kíkà: Iṣe Àwọn Àpọ́sítélì 13:1-13, 15:36-41
Ẹsẹ àkọ́sórí: 2 Tímótì 4:11

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìpátá bíi tiwa, ẹ mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn alápatà ti ń gbé ẹran wọ ọjà, tí ìpè àdúrà àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa ti dún, tí àwa náà sì ti pé jọ níwájú Olúwa. Nínú irú àdúrà òwúrọ̀ báyìí ni ọ̀rọ̀ míṣọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á dìde, á ní Olúwa ń rán wa jáde, gbogbo ilé á ké "Àmín!", wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Áńtíókù. Wọ́n ń sin Olúwa, wọ́n ń gbààwẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ sì ní kí wọ́n ya Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sọ́tọ̀. Ìjọ gbọ́wọ́ lé wọn, wọ́n sì rán wọn lọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kípírù, wọ́n tún ré òkun kọjá dé Pẹ́gà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ 13 ti sọ fún wa, láìfi ọ̀rọ̀ gùn, pé Jòhánù Máàkù fi wọ́n sílẹ̀, ó sì padà sí Jerúsálẹ́mù.

Bíbélì kò sọ ohun tó fà á. Àwa oníwàásù la máa ń bá a sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ pé ọ̀lẹ ni, pé oúnjẹ ilé ìyá rẹ̀ ló ń sá lọ bá, pé ẹ̀rù àwọn ọlọ́ṣà orí òkè ló bà á. Èmi náà ti wàásù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó burú jù ni pé mo gbé orúkọ náà lé ènìyàn alààyè lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ẹ̀kọ́ òní.

Ní ọdún 2018, àwa mẹ́sàn-án láti ìjọ wa lọ ṣe ìhìnrere ní orílẹ̀-èdè Benin fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn kan á ní èyí kì í ṣe òkè òkun nítorí pé a kò wọ bàálù. Ẹni tó bá ti gba Ìlẹ́ṣà-Bàrùbá dé ẹnubodè Chikanda, tó kọjá sí Nikki, tó rí i pé Faransé ni ọlọ́pàá ń sọ, pé owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná, á mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Èmi ni olùdarí. Kò sí ẹni tí ìjọ ń sanwó fún nínú wa. Kálukú ló dá owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ arákùnrin tó ń ránṣọ. Ó ní ìtara, ohùn rẹ̀ dára, òun ni mo gbọ́kàn lé jù fún orin. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, a wà ní Parakou nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè é pé gìrì ti mú ọmọ wọn, pé wọ́n ti dá a dúró sí ọsíbítù, wọ́n sì ń béèrè owó. Ó wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa lọ sílé." Mo ní èṣù ló fẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Mo ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tó tẹnu mọ́ ọn, mo sọ ọ́ lójú gbogbo ikọ̀ pé a ti rí Jòhánù Máàkù tiwa. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ní ìdájí, ó ti lọ. Ohun tí n kò rántí títí ilẹ̀ fi mọ́ ni pé inú báàgì mi ni ìwé ìrìnnà àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ní kó má baà sọnù. Òótọ́ ni pé àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ òmíràn láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ ni. Wọ́n dá a dúró ní ẹnubodè láti òwúrọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ fi ń lẹ́. Ọjọ́ kejì ló tó dé Ìpátá. Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi délé, ìyá ìyàwó rẹ̀ ti ta aṣọ òkè rẹ̀ láti fi san owó ọsíbítù, nítorí pé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ arákùnrin yìí ló ti dá sílẹ̀ fún ìrìn-àjò wa.

Ẹ̀yin ará, mo bi í léèrè kí a tó lọ bóyá ó ti gba ìbatisí Ẹ̀mí Mímọ́. Mo bi í bóyá ó lè gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. N kò bi í pé, "Kí lo fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ?" Àwọn bàbá wa ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Pọ́ọ̀lù náà kọ̀wé sí Tímótì nípa ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le (1 Tímótì 5:8). Bí arákùnrin yìí bá ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, èmi tí mo gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìbéèrè ni mo ràn án lọ́wọ́.

Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ogun, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Kò sí owó oṣù tí ẹ lè fi mú un dúró, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi ìtìjú mú un dúró. Òtítọ́ ni ẹ ó sọ fún un kó tó kọ orúkọ rẹ̀: iye tí yóò ná an, ibi tí yóò sùn, àìsàn tó ṣeé ṣe kó kọlù ú, àti ọ̀nà tí yóò gbà padà sílé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, kálukú ló ń mú ìwé ìrìnnà tirẹ̀ àti yẹ́lò káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ló ń wà lọ́dọ̀ mi. A sì ń ya owó ọkọ̀ ẹnì kan sọ́tọ̀ nínú àpò, owó tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, fún ẹni tí ilé bá pè.

Nípa àìsàn, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹ̀bá odò Ọya. Ní ọdún 1841, Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ mẹ́ta láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wọ odò náà. Ọmọ Òṣòògùn ni, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì mú lọ sí Sàró. Òyìnbó 145 ló wà nínú ìrìn-àjò 1841 yìí. Ibà mú 130 nínú wọn, nǹkan bí 40 sì kú. Kì í ṣe pé wọn kò gbàdúrà. Ọdún 13 lẹ́yìn rẹ̀, ní 1854, Crowther tún bá ọkọ̀ Pleiad gòkè odò yìí lábẹ́ Dókítà Baikie. Baikie mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo quinine kí ibà tó dé rárá. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ibà kò sì pa òyìnbó kankan nínú wọn. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn máa ń le láàárín àwa Pẹ́ńtíkọ́sì. Òun ló dá ìyapa sílẹ̀ láàárín àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì tó kọ́kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1931 àti àwọn bàbá bíi Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Kwara wa níbí, tí ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì fi dá dúró ní 1941. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ àwọn bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, ara tirẹ̀ ni kó gbé e lé. Kò sí olùdarí tó ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ dán ìgbàgbọ́ tirẹ̀ wò. Àpótí oògùn wa ń bá wa lọ, a sì ń gbàdúrà lé e.

Crowther kan náà ló wá di olórí ikọ̀ ní 1857, ikọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà, lórí ọkọ̀ Dayspring. Wọ́n fi Àlùfáà J. C. Taylor sílẹ̀ ní Onitsha láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé itòsí Jẹ́bbà, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, àpáta fọ́ ọkọ̀ náà ní oṣù kẹwàá. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi wà létí odò kí ọkọ̀ mìíràn tó dé. Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó wá ń pè ní Golóbà, ló ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Èkó lọ wá ohun tí wọ́n nílò. Ẹ wo irú ìdánwò tó bá olórí! Ẹni tó bá ti rìn bẹ́ẹ̀ rí kì í kọ ìwé ìnáwó tí kò ní àyè fún ìjàǹbá.

Àwọn mìíràn kò rí ìrírí yẹn kọ́ kí wọ́n tó wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta gúnlẹ̀ sí Èkó: Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham. Àwọn àgbà míṣọ́nnárì tí wọ́n bá níbẹ̀ kìlọ̀ fún wọn, wọn kò gbọ́. Kí ọdún 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú sí ìhà àríwá. Bingham tó dúró sí Èkó láti máa wá owó àti ẹrù fún wọn ló kù, ó sì darí ikọ̀ mìíràn padà wá. Ní 1902 ni wọ́n rí ẹsẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Pàtígí, ní Kwara yìí. Inú iṣẹ́ náà ni ìjọ ECWA ti jáde, òun ló fà á tí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì fi wà ní Ìgbájà dòní. Nígbà tí mo bá kà á, orúkọ ẹni tó dúró sẹ́yìn ló máa ń dá mi dúró. Ìjọ wa kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó dúró sílé.

Owó ńkọ́? Ẹ ka 2 Kọ́ríńtì 8:18-21. Pọ́ọ̀lù kò dá nìkan gbé owó ọrẹ. Ó mú àwọn mìíràn tí ìjọ yàn dání, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ènìyàn méjì ni kó máa ka owó ikọ̀ lálaalẹ́, olùdarí kò sì yẹ kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ má sì fi ìṣirò ọdún tó kọjá lọ. Owó sẹ́fà so mọ́ yúrò, náírà kò so mọ́ nǹkan kan. Àwọn tó kó owó jọ ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023 rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹnubodè náà kì í fìgbà gbogbo ṣí: láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ti orí ilẹ̀ pa.

Ó ku ọ̀rọ̀ Máàkù. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà fẹ́ tún lọ, Pọ́ọ̀lù kọ̀, kò ní mú un dání. Bánábà ní òun yóò mú un. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pínyà. Pọ́ọ̀lù mú Sílà, Bánábà mú Máàkù padà sí Kípírù. Èrò tèmi ni pé olùdarí ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ ni ọ̀kan fi wo ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ojú ẹ̀gbọ́n ni èkejì fi wò ó. Pọ́ọ̀lù pàápàá, nígbà tó ti darúgbó sínú ẹ̀wọ̀n, ló kọ̀wé pé kí Tímótì mú Máàkù bọ̀, nítorí ó wúlò fún òun.

Mo lọ sí ilé arákùnrin tó ń ránṣọ náà lẹ́yìn tí a dé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ó ní kí n dìde, ó bu omi fún mi mu. Arákùnrin náà sọ pé òun ti dárí jì mí. Ìjọ san owó aṣọ òkè náà padà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pé. Nígbà tí ẹnubodè tún ṣí, tí a ń kọ orúkọ fún ìrìn-àjò mìíràn, kò kọ orúkọ tirẹ̀. Ó ní òun yóò dúró sílé, kí òun máa yí ilé àwọn tó lọ ká láràárọ̀, kí òun mọ ẹni tí ó ṣàìsàn. Bó ṣe ṣe é nìyẹn, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

ÀDÚRÀ

Bàbá, a fi àwọn ìyàwó, ọkọ àti ọmọ gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà ìhìnrere lé Ọ lọ́wọ́. Má jẹ́ kí ìpè búburú bá wọn níbi tí wọ́n wà, ní orúkọ Jésù.

Olúwa, gbogbo ibi tí mo ti fi ìtìjú darí ọmọ Rẹ, dárí jì mí, kí O sì fún mi ní ìgboyà láti lọ sí ilé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

(Ẹ dárúkọ ẹnì kan tó ti padà lẹ́yìn iṣẹ́ Olúwa, kí ẹ sì gbàdúrà fún un fún ìṣẹ́jú márùn-ún.)