Gbohùngbohùn Kọ́ Ló Mi Afárá

Ìwàásù kan wà tí kì í tán lórí rédíò. Oníwàásù á mú wa dé Jẹ́ríkò, á yí odi ká fún ọjọ́ méje, á fọn ìpè, lẹ́yìn náà á wá fi sáyẹ́ǹsì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: ó ní igbe àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ló di gbohùngbohùn lára odi, tí gbohùngbohùn náà sì wó o lulẹ̀. Àwọn tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì lórí afẹ́fẹ́ náà ti gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Tí nǹkan kan bá ń mì, tí òmíràn tó wà nítòsí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a mì, wọ́n á ní gbohùngbohùn ló ṣẹlẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní rẹ́sónáǹsì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ó yẹ kí nǹkan náà ní orúkọ lédè wa, mo fara mọ́ ìyẹn. Orúkọ tí wọ́n fún un yìí ló ń bí mi nínú, nítorí ó ń darí akẹ́kọ̀ọ́ síbi tí ohun tó ń wá kò sí.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ọmọ ìyá panápaná, woléwolé, gbẹ́nàgbẹ́nà àti pẹjapẹja ni gbohùngbohùn: a pe ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di orúkọ ẹni tó sọ nǹkan náà di iṣẹ́. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní gbọ́ ni, ẹni tó ń gbọ́ ohùn; àwọn mìíràn ní gbé ni, ẹni tó ń gbé ohùn kiri. Àmì ohùn kò gbè wọ́n. Olóhùn òkè ni gbọ́ àti gbé, ohùn òkè wọn kì í sì í sọnù nígbà tí wọ́n bá pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ bíi ọmọ tàbí ohùn. Ẹ wo gbọ́mọgbọ́mọ: gbé àti ọmọ ló bí i, ohùn òkè gbé sì wà níbẹ̀ gbọin-gbọin. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, gbóhùngbóhùn là bá máa pè é. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Etí mi kò gbà á. Ohùn àárín tó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé gba ni: ó gba ohùn, ó tún gba ohùn. Ohun tí àpáta ń ṣe fún ẹni tó bá kígbe lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè gan-an nìyẹn. Ó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ó dá a padà fún un. Ìwé ìròyìn Yorùbá tí iléeṣẹ́ Sketch ń tẹ̀ n'Ìbàdàn nígbà kan rí jẹ́ Gbohùngbohùn, orúkọ náà sì bá a mu, torí ohun tí ìlú sọ ni ìwé ìròyìn ń gbà, ìlú náà ló sì ń dá a padà fún. Makirofóònù àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti wá já orúkọ náà gbà. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró sójú kan lè máa bínú sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ìjà náà ti parí, ẹ̀rọ ló borí. Kò dùn mí, nítorí ẹ̀rọ ń gba ohùn ní tòótọ́.

Rẹ́sónáǹsì kì í gba ohùn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí wa kò sì lè ya ìró méjì sọ́tọ̀ dáadáa tí àlàfo wọn kò bá tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí nìyẹn tí ògiri fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí wa tó mítà 17 ká tó gbọ́ gbohùngbohùn: mítà 17 ní àlọ, mítà 17 ní àbọ̀. Àpáta kò fi nǹkan kan kún un. Ohun tó dá padà kì í tó ohun tó gbà. Kì í sì í yan ohùn. Ohùn ọmọdé ni o, ti àgbà ni o, ìró ìbọn ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Rẹ́sónáǹsì ní tirẹ̀ ń yàn, ó sì ń kó jọ. Èyí tó bá bá a mu nìkan ló ń dá lóhùn, á wá máa to díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń fún un jọ títí yóò fi di ńlá.

Ẹ wo ọmọ tó jókòó lórí jáńgílófà. Tí okùn rẹ̀ bá gùn tó mítà 2.25, àlọ àti àbọ̀ kan yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹ gbé ọmọ tó sanra jù ú lọ síbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 3 náà ni. Ẹ tì í pẹ̀lẹ́, ẹ tì í ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní yàtọ̀ tó nǹkan, tí kò bá ṣáà ti fì kọjá ààlà. Okùn ló ń pinnu, kò sì rọrùn bí èèyàn ṣe lè rò: ẹni tó bá fẹ́ kó di ìṣẹ́jú àáyá 6, ìlọ́po mẹ́rin okùn ló máa so, ìlọ́po méjì kò tó. Ẹni tó ń ti ọmọ náà kò nílò agbára bíi kó mọ ìgbà. Tó bá ń tì í lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 3, ìka ọwọ́ rẹ̀ lásán á gbé ọmọ náà ga. Tó bá ń tì í ní ìṣẹ́jú àáyá 2, ìgbà mìíràn á pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà bó ṣe ń bọ̀, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó ti ṣe rẹ́. Galileo ará Ítálì, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1638, kọ ọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó fa okùn lè mú agogo ńlá fì débi pé ọkùnrin mẹ́rin tàbí mẹ́fà tó bá di okùn náà mú láti dá a dúró, agogo á gbé wọn kúrò nílẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá 3 jáńgílófà yẹn, kò sẹ́ni tó fún un. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ṣe bá a wá. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́: àdámọ́, ohun tí a dá mọ́ nǹkan. Ìmì àdámọ́ ni mo fẹ́ ká máa pè é, ká sì fi iye ìgbà tó ń wáyé ní ìṣẹ́jú àáyá kan wọ̀n ọ́n. Àdámọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ èébú báyìí. Ọ̀pọ̀ kì í rántí rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ olè tàbí ọ̀mùtí. Inú mi á dùn tí físíìsì bá gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Báwo wá ni gbohùngbohùn ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀bi kì í ṣe ti oníwàásù nìkan. Inú èdè Látìnì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba orúkọ tiwọn, láti ara resonare, tó túmọ̀ sí kí nǹkan tún dún. Ìró ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó wá rí i lára afárá, nínú iná mànàmáná àti nínú átọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá tú orúkọ yẹn sí Yorùbá bó ṣe rí, “tún dún” ló máa bá nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní dúró níbì kan àfi nídìí gbohùngbohùn. Orúkọ ló tú, kò tú nǹkan náà. Gẹ̀ẹ́sì ń ru ẹrù àtijọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sídìí tí àwa náà fi gbọ́dọ̀ bá a rù ú.

Ẹ fi afárá wò ó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2000, wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń jẹ́ Millennium Bridge sórí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó so àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's pọ̀ mọ́ Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Peckham tí àwọn ọmọ Yorùbá kún bámúbámú wà. Èrò ya bò ó lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tí àwọn kan ń di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó di ọjọ́ 12, wọ́n tì í pa, kò sì ṣí padà títí di 2002. Èèyàn tó ń rìn jẹ́jẹ́ ń gbé nǹkan bí ìṣísẹ̀ 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ti ilẹ̀ sí apá kan, tòsì ń tì í sí apá kejì, nítorí náà títì sọ́tùn-ún sósì ń parí yíyí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìmì àdámọ́ afárá náà sí ẹ̀gbẹ́ kò jìnnà sí iye yẹn. Bó ṣe fì díẹ̀, àwọn èrò yasẹ̀ kí wọ́n má baà ṣubú. Ẹsẹ̀ tí wọ́n yà tún tì í sí i. Nígbà tí wọ́n máa tún un ṣe, ẹ̀rọ tó ń pa ìmì ni wọ́n tò sí abẹ́ rẹ̀, ó lé ní 80, owó rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Níbo ni ohùn wà nínú èyí? Ta ló fọhùn, ta ló gbà á? Ní 1831, afárá Broughton nítòsí Manchester já lábẹ́ àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn ń dún bíi ti ẹnì kan, ìyẹn ló sì mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún ọmọ ogun wọn pé kí wọ́n tú ìṣísẹ̀ ká tí wọ́n bá dé orí afárá. Wọn kò ní kí wọ́n panu mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n tú ká.

Rédíò fúnra rẹ̀ náà jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá yí rédíò sí 100 FM ti sọ fún iná inú ẹ̀rọ náà pé kó máa lọ kó máa bọ̀ lẹ́ẹ̀mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo iléeṣẹ́ rédíò tó wà nítòsí ló ń tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹni tó bá iye yẹn mu nìkan ló ń dàgbà nínú rẹ̀, ti àwọn yòókù á rá. Ìró kankan kò tíì sí níbẹ̀. Ní ti Jẹ́ríkò, odi tó nípọn kì í fì bí jáńgílófà. Ohun tó ń ṣe ni kó pa ìmì, kì í kó o jọ. Ọwọ́ Ọlọ́run ni Bíbélì fi wíwó rẹ̀ sí. Kí oníwàásù fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnì kan á ní èdè ń dàgbà, pé ẹni tó bá ń wo ilé onílé náà ló yẹ kó jẹ́ woléwolé, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ló gbà á, ayé kò sì bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ni wọ́n fún woléwolé, ó sì gbájú mọ́ ọn. Gbohùngbohùn ti ní iṣẹ́ àpáta, ó ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí ẹ̀kọ́ lórí ìró á pàdé ìró tó ta lára ògiri padà àti rẹ́sónáǹsì nínú orí kan náà. Tí àwọn méjèèjì bá ń jẹ́ orúkọ kan, inú ìdánwò ni yóò ti mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀, nígbà tí ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ẹlòmíràn á ní ká ṣáà yá rẹ́sónáǹsì lò bí a ṣe yá rédíò. N kò bá a jà. Ọ̀rọ̀ àyálò sàn ju orúkọ òdì lọ, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èdè tiwa kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ìmì. Ó ní in ní àníjù. Ohun tó wúwo tó so rọ̀ ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀. Òpó tí wọ́n dì mú nídìí ń mì jìgìjìgì. Ilẹ̀ ń mì tìtì. Ẹni tí òtútù mú ń gbọ̀n rìrì. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé okùn gìtá ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀. Bí ohun tó ń mì ṣe wúwo sí àti bó ṣe ń yára sí ló wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì sì so kọ́ra: ohun tó bá wúwo tó sì rọ̀, ìmì àdámọ́ rẹ̀ á falẹ̀, èyí tó fúyẹ́ tó sì le, tirẹ̀ á yára. (Jáńgílófà yàtọ̀, torí ìwúwo fúnra rẹ̀ ló ń fà á padà.) Onílù dùndún ń fi èyí jẹun. Tó bá fún okùn awọ mọ́ra, ojú ìlù á le, ohùn á lọ sókè; tó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀, kọ̀ǹgọ́ kan náà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìda tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú gúdúgúdú, ńṣe ló ń fi ìwúwo kún awọ.

Ìmì ìbámu ni mo fi orúkọ sí rẹ́sónáǹsì. Mo yan mì torí fì kò kúrò lára ohun tó so rọ̀ tàbí tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, gbọ̀n sì ń mú ẹ̀rù àti òtútù wá sọ́kàn. Mo fi ìbámu tì í torí pé ìgbà ló ṣe kókó, bámu sì ni gbogbo wa ń lò tí ẹsẹ̀ oníjó bá bọ́ sójú ìlù.

Àwọn onímọ̀ náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Afárá Tacoma Narrows ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ṣí ní oṣù Keje ọdún 1940, ó já ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún náà, nínú atẹ́gùn tó ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 64 ní wákàtí kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ẹ̀kọ́ físíìsì ń fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ́sónáǹsì, títí onímọ̀ méjì, Billah àti Scanlan, fi kọ̀wé ta kò ó ní 1991. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró kò ní ìgbà tó ń tẹ̀ lé. Lílọ́ tí afárá náà ń lọ́ ló ń mú kí atẹ́gùn túbọ̀ ti agbára sínú rẹ̀. Síbẹ̀ yàrá ẹ̀kọ́ kò fi Tacoma sílẹ̀, mo sì rò pé àṣìṣe yẹn ti borí. Ní Yorùbá, ìwé kò tíì pọ̀ lórí rẹ̀, a ṣì lè yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìmì ìbámu pe ti jáńgílófà àti ti Millennium Bridge, kó wá orúkọ mìíràn fún ti Tacoma. N kò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, torí atẹ́gùn àti afárá kò bára mu níbẹ̀; ṣe ni wọ́n ń ru ara wọn sókè.