Ẹ Yẹ Ohun Tí Ọmọ Fi Ń Ṣe Ilé Ọmọláńgidi Wò

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń bá wọn tọ́mọ ní Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Mápó àti Bẹyẹrúnká n'Ìbàdàn, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ọwọ́ àwọn ọmọ kì í dilẹ̀. Ẹ ó rí wọn lẹ́bàá ògiri: páálí ìṣáná ti di bẹ́ẹ̀dì ọmọláńgidi, ìdérí kóòkì ti di àwo ọbẹ̀, agolo mílíìkì ti di sítóòfù, àjákù àǹkárá tí wọ́n ṣà nídìí máṣíìnì télọ̀ ti di kọ́tìnnì. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lé ọmọ kúrò nídìí ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tú ọ̀rá tí wọ́n kó ẹrù wọn sí wò.

Bátìrì pẹlẹbẹ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Inú aago ọwọ́, rímóòtù kékeré àti káàdì tó ń kọrin ló máa ń wà. Ó rí roboto, ó ń dán, ọmọ á sì sọ ọ́ di dígí tàbí àwo. Bí àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bá gbé e mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, iná tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ẹran ara níbẹ̀. Láàárín wákàtí méjì, ó lè ti ba ọ̀fun jẹ́ gidigidi. Èyí tí ẹ rò pé ó ti kú, tí kò lè gbé aago mọ́, ṣì lágbára tó láti ṣe é. Ọmọ á máa da itọ́, á máa wúkọ́, á kọ oúnjẹ. Àwọn òbí á ní òtútù ni.

Bí ọmọ bá gbé bátìrì yìí mì, ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè bì. Bó bá ti lé lọ́mọ ọdún kan, tó ṣì ń gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì ju wákàtí 12 lọ tó gbé e mì, ẹ máa fún un ní oyin ṣíbí ìmutíì méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH. Oyin kì í wò ó sàn, ó kàn ń dín jíjó náà kù ni, nítorí náà ẹ má tìtorí oyin dúró nílé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ kedere pé bátìrì ni.

Òjé inú bátìrì mọ́tò ńkọ́? Ó rọ̀, ó rọrùn láti tẹ̀, ọmọ tó bá rí i nídìí àwọn mẹkáníìkì lè fẹ́ fi ṣe ìkòkò. Kì í ta ọmọ, kì í jó o. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò, tí eruku òjé sì gba àdúgbò kan.

Súpà gúlúù náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Bó bá kan aṣọ òwú bí àǹkárá, ó máa ń gbóná lójijì, ó sì lè bó ọmọ lára. Bó bá lẹ ìka pọ̀, ẹ má fà á ya, omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí. Sítáàṣì tí ẹ fi ń le aṣọ tó láti lẹ páálí. Etí agolo tí wọ́n gé, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ wọnú kó tó dọ́wọ́ ọmọ.

Ó ku ìgò kékeré ìpakòkòrò dichlorvos, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Sniper. NAFDAC ti fòfin de àwọn ìgò kéékèèké náà láti ọdún 2019, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rìn nígboro. Lójú ọmọ, sílíńdà gáàsì gan-an ló jọ, ó sì bá ilé ọmọláńgidi mu. Fífọ̀ kò sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ lu ú níhò, ẹ dé e mọ́ inú ọ̀rá, kí ẹ tó gbé e fún àwọn akólẹ̀.