Oúnjẹ fún Ẹni tí Ogun Lé Kúrò Nílé

Ibi Ẹ̀kọ́: 2 Àwọn Ọba 6:8-25, Lúùkù 10:25-37
Àkọ́sórí: Róòmù 12:20
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé àánú tọ́ sí ẹni tí ogun ṣe ní ibi, ìhà yòówù kí ó ti wá, kí a sì pinnu ohun tí kíláàsì wa yóò ṣe.

ÌFÁÀRÀ

Ní ọdún 2025, àwọn agbébọn kọ lu àwọn abúlé ní agbègbè Ìfẹ́lódùn, Patigi àti Ẹdu ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi oko àti ilé sílẹ̀, wọ́n sá àsálà. Àwa tí a ń gbé Ìlọrin kò lè sọ pé ọ̀ràn náà jìnnà sí wa. Ogunléndé lè jẹ́ ayálégbé tuntun ní àdúgbò rẹ, tàbí ìyá tí ó ń wá aṣọ fọ̀ kiri kí ó lè rí owó oúnjẹ. Ó lè jẹ́ Yorùbá, Núpé, Ìbàrìbá tàbí Fúlàní. Ó lè jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí. Kí ni a ó bi í léèrè kí a tó fún un ní oúnjẹ?

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Èlíṣà bọ́ àwọn ọ̀tá (ẹsẹ 8-23). Ọba Síríà rán ogun lọ mú Èlíṣà ní Dótánì. Ọlọ́run bu ìfọ́jú lù wọ́n, wòlíì náà sì mú wọn wọ àárín Samáríà. Ọba Ísírẹ́lì fẹ́ pa wọ́n, ṣùgbọ́n Èlíṣà kọ̀. Ó ní kí a gbé oúnjẹ àti omi ka iwájú wọn, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì padà sílé. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ogun ni àwọn wọ̀nyí. Bí a bá bọ́ ọmọ ogun tí ọwọ́ tẹ̀, mélòómélòó ni ìyá àti ọmọ tí kò gbé idà rí!

2. Àánú kì í ṣe òwò (ẹsẹ 24-25). Àwọn ará Síríà dáwọ́ dúró fún ìgbà kan. Lẹ́yìn náà, Bẹni-Hádádì dó ti Samáríà, ìyàn sì mú tí a fi ń ta orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ní 80 owó fàdákà. Bíbélì kò fi èyí pamọ́ fún wa. Oore lè má mú àlàáfíà tí ó pẹ́ wá. Síbẹ̀ Èlíṣà kò ṣì í ṣe. A kò gbọdọ̀ fún ènìyàn ní oúnjẹ kí ó lè san án padà, tàbí kí ó lè bá wa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ebi ń pa á. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

3. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìjàyè, 1860 sí 1862. Irú ìyàn bẹ́ẹ̀ ti mú ní ilẹ̀ wa rí. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní ọba. Ìbàdàn gbé ogun ti Ìjàyè; Ẹ̀gbá àti Ìlọrin gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ebi pa ìlú náà títí àwọn òbí fi ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, tí àwọn mìíràn sì ń ta ọmọ wọn.

Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi wa, A. D. Phillips àti R. H. Stone, ṣiṣẹ́ nínú ìlú náà, bẹ́ẹ̀ sì ni Adolphus Mann ti C.M.S. Wọ́n tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́, wọ́n sì gba àwọn ọmọ tí ebi ń pa sílé. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Àwọn tí ó là á já tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, níbi tí àdúgbò Ìjàyè wà títí di òní. Ní ìhà kejì ogun, ní Ìbàdàn, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ń tọ́jú àwọn ọmọ nílé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi ń pa àwọn pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni àánú wà ní ìhà méjèèjì.

Ẹgbẹ́ Red Cross kò tíì sí nígbà náà. Ní 1863 ni a dá a sílẹ̀ ní Geneva. Ní 1949 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Geneva láti dáàbò bo àwọn ará ìlú tí kì í ṣe ọmọ ogun. Ohun tí ó di òfin lónìí, àánú ni ó kọ́kọ́ jẹ́.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́

Ìjàyè kọ́ wa pé nígbà ogun, ọmọ a máa di ọjà. Lónìí pẹ̀lú, ẹnìkan lè wá bá ìyá tí ebi ń pa pé kí ó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ fún òun láti fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Kí irú rẹ̀ má ṣe ti ọwọ́ wa wá. Bí a bá rí ọmọ tí ó sọ òbí rẹ̀ nù, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ti òbí rẹ̀ àti ti abúlé rẹ̀ sílẹ̀, kí a lè bá a wá wọn.

Àwọn àgbà ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni náà ohun tí ó kù tí ó nílò: ó lè jẹ́ ìkòkò, oògùn ibà, tàbí owó ìwé ọmọ. Ẹ fún un ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú má baà tì í.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Gálátíà 6:10 dárúkọ àwọn ará ilé ìgbàgbọ́. Ǹjẹ́ ó tú wa sílẹ̀ kúrò nínú ojúṣe wa sí àwọn yòókù?
2. Bí ogunléndé bá jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó ṣe ẹbí rẹ ní ibi, kí ni ìwọ yóò ṣe?
3. Kí ni olúkúlùkù wa yóò mú wá ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ta ni yóò sì gbé e lọ?

ÀDÚRÀ: Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń rí ẹni tí ogun lé wá, àti ọwọ́ tí kì í ká kò.