Ìgbóná Ara Ọmọ: Ẹ Wọ̀n Ọ́n, Ẹ Má Fọwọ́ Rò Ó

Ní Ìlọrin, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán máa ń kọjá 35°C. Lásìkò yìí, ìyá á fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, á ní, "Ara rẹ̀ ń gbóná janjan." Ọwọ́ lè mọ̀ pé ara gbóná, ṣùgbọ́n kò lè sọ bó ṣe gbóná tó. Bí ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi tútù jáde, gbogbo ara ni yóò dà bí èyí tó ń gbóná.

Ooru yàtọ̀ sí ìwọ̀n ìgbóná. Ife omi híhó kan gbóná ju garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, ṣùgbọ́n ooru inú garawa lè pọ̀ ju ti ife lọ, nítorí omi rẹ̀ pọ̀. Ìwọ̀n ìgbóná ni tẹ̀mómítà ń sọ.

Oríṣi òṣùwọ̀n méjì ló wà lára rẹ̀. Fahrenheit gbé tirẹ̀ jáde ní 1724. Celsius, ará Sweden, gbé tirẹ̀ jáde ní 1742. Omi ń di yìnyín ní 0°C, èyí tí í ṣe 32°F. Ó ń hó ní 100°C, èyí tí í ṣe 212°F. Ara tó dá ṣáṣá wà ní nǹkan bí 37°C, ìyẹn 98.6°F. Láti yí C sí F, ẹ fi 1.8 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 32 kún un: 38°C jẹ́ 100.4°F. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 99, ẹ má pariwo. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá F ló wà níwájú rẹ̀.

Ẹ nu òógùn abíyá ọmọ, ẹ ki tẹ̀mómítà sí i, ẹ di apá rẹ̀ mọ́ra títí yóò fi dún. Ẹ má wọ̀n ọ́n bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá tó 37.5°C lábíyá, ibà ni.

Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn, ẹ fún un lómi tàbí ọmú, ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára. Ànábì wa (SAW) náà kọ́ wa pé kí á máa fi omi tu ibà lójú. Ẹ má lo omi yìnyín. Bí ẹ bá fẹ́ lo parasítámọ́ọ̀lù, ìwúwo ọmọ ni kí ẹ fi díwọ̀n rẹ̀. Gbogbo ibà kọ́ ni màláríà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn rẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tó bá ní ibà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bákan náà ni èyí tí gìrì mú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tàbí tí ọrùn rẹ̀ le, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yírùnyírùn ń jà. Ẹ má rọ ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu.

Ẹ wo ara páálí oògùn yín pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó má kọjá 30°C. Inú mọ́tò tó wà lóòrùn kì í ṣe ibi ìpamọ́ fún un.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà. Àmín.