Àga Tó Ń Gun Òkè Lórí Okùn

Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ so àga kọ́ sára okùn irin láti gbé àwọn tó ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín gun òkè, ní Sun Valley, ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà. James Curran, ẹnjiníà rélùwéè, ló ronú rẹ̀. Ibi tó ti rí àwòkọ́ṣe ló pa mí lẹ́rìn-ín: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi! Ó yọ ìkọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi àga rọ́pò rẹ̀.

Okùn yìí ń sáré lórí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó wà lórí òpó. Ìjì lọ̀tá rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá le, wọ́n á dín eré ẹ̀rọ kù, tàbí kí wọ́n dá a dúró pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá ta okùn kúrò lórí kẹ̀kẹ́ lójijì ńkọ́? Lára ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn tó yọ á ṣẹ́ ẹ, iná á kú, ẹ̀rọ á dúró fúnra rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀pá yìí ló gbọ́n jù níbẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣẹ́.

Òtútù náà ní tirẹ̀. Kí omi má baà dì mọ́ okùn lóru, wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀rọ máa rọra yí láìgbé ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá dì, òṣìṣẹ́ á gun òpó, á fi òòlù fọ́ ọ dànù. Bí iná bá lọ (ọ̀dọ̀ tiwọn náà, iná ń lọ o!), ẹ́ńjìnnì díísẹ̀lì á rọra fa àwọn èrò dé ilẹ̀. Bíyẹn náà bá kọ̀, okùn ni wọ́n á fi sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.